Onílé ní kí n san ìlọ́po méjì tàbí kí n kó jáde: kí ni òfin Èkó sọ?

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ ayálégbé kan ní Agége:

Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o. Yàrá kan àti pálọ̀ ni mò ń gbé, ₦400,000 ni mò ń san lọ́dún, ọdún yóò sì pé ní ìparí oṣù yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ajẹ́ntì bàbá onílé ti ìwé kan bọ abẹ́ ilẹ̀kùn mi. Wọ́n ní ₦800,000 ni owó tuntun, bí mi ò bá sì lè san án, kí n kó jáde láàárín oṣù kan. Mo gbé owó ti tẹ́lẹ̀ lọ bá bàbá, wọn ò gbà á. Wọ́n ní bí oṣù bá fi parí tí mo ṣì wà nílé, àwọn á ṣí páànù orí mi. Ọmọ méjì ló wà lọ́wọ́ mi. Ṣé wọ́n lè lé mi báyìí? Àbí kí n má wulẹ̀ san nǹkan kan mọ́?

* * *

Ẹ fara balẹ̀. Bàbá onílé ò lè fọwọ́ ara wọn lé yín jáde. Ajẹ́ntì ò lè ṣe é, ọlọ́pàá ò lè ṣe é, ọmọ ìta tí wọ́n bá fún lówó náà ò lè ṣe é. Kọ́ọ̀tù nìkan ló lè pàṣẹ pé kí ẹ kúrò, béélífù kọ́ọ̀tù ló sì ń mú àṣẹ yẹn ṣẹ. Òfin Ayálégbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá fọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, ló ń darí ọ̀rọ̀ yín, ó sì kan Agége.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ di èyí mú: ohun tó wà láàárín ẹ̀yin àti bàbá lónìí, àríyànjiyàn lórí iye owó ni. Ẹ ò jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá di ẹni tó jẹ gbèsè owó ilé, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn, torí ojú tí kọ́ọ̀tù fi ń wo ẹni tó ní "owó yìí ti pọ̀ jù" kọ́ ló fi ń wo ẹni tí kò san rárá. Ọ̀pọ̀ ayálégbé tó ní ẹjọ́ rere lọ́wọ́ ló ti jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ di ti ìkejì.

Ó kan ìwé tí wọ́n tì bọ abẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ lọ wá àgírímẹ́ǹtì tí ẹ fọwọ́ sí nígbà tí ẹ ń wọlé. Bó bá sọ iye àkókò tí ẹ gbọ́dọ̀ fún ara yín kí àdéhùn tó tú, ohun tó wà níbẹ̀ ló múlẹ̀. Bí kò bá sọ nǹkan kan, òfin ti sọ ọ́: oṣù kan fún ẹni tó ń san lóṣooṣù, oṣù mẹ́ta fún ẹni tó ń san ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́fà mẹ́fà, oṣù mẹ́fà fún ẹni tó ń san lọ́dọọdún bíi tiyín. Bí àkókò inú kúìt nótíìsì yẹn, ìyẹn ìwé tí onílé fi ń ní kí ẹ kúrò, bá pé tí ẹ ò tíì kúrò, nótíìsì ọjọ́ méje ló tún kàn, èyí tí onílé fi ń sọ pé òun ń lọ sí kọ́ọ̀tù láti gba ilé òun. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ibì kan wà tó ti gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣubú o. Bí àgírímẹ́ǹtì yín bá kọ ọ́ pé ọdún kan géérégé ni, láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí, tí ọjọ́ yẹn sì ti pé, òfin lè kà á sí àdéhùn tó ní òpin tirẹ̀. Irú èyí kò nílò kúìt nótíìsì mọ́, nótíìsì ọjọ́ méje péré ló kù kí onílé lọ sí kọ́ọ̀tù. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn lẹ ti ń san owó, tí wọ́n ń gbà á, tí kò sí ẹni tó gbé ìwé tuntun wá, ọ̀rọ̀ yín sún mọ́ ti ayálégbé ọlọ́dọọdún. Ẹ má gba ìdáhùn "oṣù mẹ́fà ni dandan" lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí kò tíì rí ìwé yín, títí kan èmi.

* * *

Mo rí i pé ọ̀pọ̀ ń sọ pé, "Ẹ má san kọ́bọ̀ títí kọ́ọ̀tù á fi dá a." Mi ò fara mọ́ ọn rárá.

Ẹ fi ₦400,000 yẹn ránṣẹ́ sí àkáǹtì tí ẹ ti máa ń san án sí, kí ọdún tó parí. Níbi tí bánkì ti ní kí ẹ kọ ohun tí owó wà fún, ẹ kọ ọ́ pé owó ilé ni, kí ẹ kọ ọdún tó wà fún. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú sí bàbá: ẹ ti rí ìwé wọn, ẹ ò kọ̀ láti san owó ilé, iye tí ẹ jọ ṣàdéhùn lẹ fi ránṣẹ́, ẹ sì ṣe tán láti jókòó sọ̀rọ̀ lórí àfikún. Ẹ tẹ ẹ̀dà méjì, ẹ fún wọn ní ọ̀kan, kí ẹni tó bá gbà á fọwọ́ sí ẹ̀dà yín. Bí wọ́n bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ má pa ohunkóhun rẹ́ nínú fóònù yín.

Bí wọ́n bá dá owó náà padà, ẹ̀rí pé wọ́n dá a padà ti di tiyín. Ẹ fi owó náà síbì kan tí ọwọ́ yín ò ní tètè dé, torí bí owó ilé bá ti wọ inú owó oúnjẹ àti owó ilé-ìwé, ẹ ò ní rí i kó jọ mọ́ lọ́jọ́ tí kọ́ọ̀tù bá ní kí ẹ gbé e wá.

Ẹnì kan béèrè ìdí tí onílé fi ń kọ owó nígbà tó jẹ́ pé owó ló ń wá. Lọ́yà ló máa ń kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Onílé tó ti fúnni ní nótíìsì, tó tún wá gba owó ọdún tuntun, ti fún ayálégbé ní ohun tí yóò sọ ní kọ́ọ̀tù: pé ó ti gbà kí òun máa gbé ilé lọ.

Ẹ jẹ́ kó yé yín pẹ̀lú pé kò sí pé à ń gbé ilé lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí ẹjọ́ ń lọ. Gbogbo oṣù tí ẹ bá lò lẹ́yìn tí àdéhùn ti tú ni kọ́ọ̀tù lè ní kí ẹ san, lọ́yà ń pè é ní mesne profits. Fún ẹni tó ń san lóṣooṣù, òfin Èkó tiẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: bó bá ti jẹ gbèsè oṣù mẹ́fà, àdéhùn rẹ̀ ti tú fúnra rẹ̀, bí onílé bá sì ti fi ẹ̀rí hàn, kọ́ọ̀tù á ní kó kúrò, kó sì san gbèsè náà. Gbèsè ọdún kan ló ń ṣe bákan náà fún ẹni tó ń san ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́fà mẹ́fà.

* * *

Bàbá kan tó ní ilé ní Ìkòròdú dá sí i, ọ̀rọ̀ wọn sì le. Wọ́n ní àwa tí à ń ka òfin fún ayálégbé, bí wọ́n á ṣe jẹ owó onílé gbé là ń kọ́ wọn. Wọ́n ní ayálégbé àwọn kó sínú ilé lẹ́yìn nótíìsì, lọ́yà rẹ̀ ń fi ọjọ́ tó wà lórí ìwé nótíìsì jà, bẹ́ẹ̀ owó ilé yẹn làwọn fi ń ra oògùn.

Bàbá, mo gbọ́ yín, òótọ́ sì wà nínú ohun tí ẹ sọ. Onílé tó kọ́ ilé yàrá mẹ́rin sílẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì kì í ṣe olówó. Iye tí wọ́n ń ta símẹ́ńtì àti páànù kì í ṣe ti ìgbà kan mọ́, owó ilé kò sì lè dúró lójú kan títí láé. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ náà ti sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ń dùn yín yìí. Ní oṣù kejì ọdún 2021, nínú ẹjọ́ Pillars Nigeria Limited àti William Kojo Desbordes, àwọn adájọ́ ní ayálégbé tó ti da àdéhùn kò lè máa fi àléébù inú nótíìsì sá pamọ́ sínú ilé onílé. Wọ́n ní bí onílé bá ti pe ẹjọ́, tí ìwé ìpẹ̀jọ́ sì ti tẹ ayálégbé lọ́wọ́, ìyẹn náà ti tó ní nótíìsì fún un.

Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ ka ìpínrọ̀ tó wà lókè yìí lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́yà tó bá sọ fún yín pé òun á fi àṣìṣe inú nótíìsì dá yín dúró sílé fún ọdún mẹ́ta, tí ẹ ò ní san nǹkan kan, owó ara yín lẹ ń ná fún un. Nótíìsì tí kò pé máa ń fún yín ní àyè díẹ̀, ohun tí ẹ bá fi àyè yẹn ṣe ló ṣe pàtàkì.

Ibi tí èmi àti bàbá Ìkòròdú kò ti pàdé ni ohun tí wọ́n fi parí ọ̀rọ̀ wọn, pé "ẹni tó ni ilé ló ni páànù." Rárá o. Bí ẹ bá ti gba owó ẹnì kan, tí ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́, ẹ ti fi ilé yẹn lé e lọ́wọ́. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni pé kó máa gbé ibẹ̀ ní ìrọ̀rùn láìsí ìyọlẹ́nu títí kọ́ọ̀tù á fi sọ ohun mìíràn.

* * *

"Òfin tí ẹ ń kà yìí, ta ló ń tẹ̀ lé e? Wọ́n á ṣí páànù, kò sì sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀."

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ nìyẹn, mo sì mọ ohun tó ń mú wọn sọ ọ́. Nígbà tí mo ń gbé ní Múṣin, ẹnu ọ̀nà obìnrin kan tó ń ránṣọ dojú kọ tèmi. Òun àti onílé ń fa àfikún owó ilé mọ́ra wọn lọ́wọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan ló ti ṣọ́ọ̀bù dé, ó bá àgádágodo tuntun lórí tirẹ̀, èyí tí òróró ilé-iṣẹ́ ò tíì gbẹ lára rẹ̀. Aṣọ ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ wà nínú ilé, ìkòkò ọbẹ̀ àná náà wà nínú ilé. Àwọn ọkùnrin kọ́ńpáùn ti gbé òòlù jáde. Ìyá àgbà tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ló dá wọn dúró, wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ ya fọ́tò.

A ya á. A ya ilẹ̀kùn, a ya àgádágodo méjèèjì. Ní tẹ́ṣàn, ẹni tó wà ní káńtà ní ọ̀rọ̀ owó ilé kì í ṣe tiwọn, kí a lọ sí kọ́ọ̀tù. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń yí padà lọ sílé. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ ọlọ́pàá kọ́ ni kí wọ́n bá onílé gba owó, Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 pàápàá ní wọn ò gbọ́dọ̀ mú ẹnikẹ́ni torí pé ó kàn da àdéhùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ gidi ni kéèyàn máa fipá lé ayálégbé jáde. Ó wà ní abala 44 òfin 2011: ẹni tó bá fipá lé ayálégbé, tó gbìyànjú rẹ̀, tó fi ọ̀rọ̀ tàbí ìṣe halẹ̀ mọ́ ọn kó lè kúrò, tàbí tó wó ilé tàbí tó yí i padà nítorí àtilé e láìgba àṣẹ kọ́ọ̀tù, owó ìtanràn tó lè tó ₦250,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tó lè tó oṣù mẹ́fà ló ń dúró dè é. Bí ẹ bá dé tẹ́ṣàn, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti orí owó ilé. Ẹ sọ pé wọ́n ti ilé mọ́ yín níta, tàbí pé wọ́n ṣí páànù yín, kí ẹ dárúkọ abala yẹn.

Ọ̀dọ̀ Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí wọ́n ti ń làjà láìlọ sí kọ́ọ̀tù, ni aránṣọ náà lọ lẹ́yìn náà. Wọn kì í gba owó. Wọ́n kọ̀wé pe onílé, kó sì tó di ọjọ́ ìpàdé, àgádágodo ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n jọ fẹnu kò pé kó san owó díẹ̀ díẹ̀, kó sì wá ilé mìíràn láàárín àkókò tí wọ́n dá fún un. Ó kó jáde nígbà tó yá, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló di ẹrù rẹ̀, ọmọ rẹ̀ kò sì sun ìta lọ́jọ́ kankan. Òun ló ń jẹ́ kí n máa tẹnu mọ́ ọn: bí òfin kò bá tiẹ̀ fi ilé náà sílẹ̀ fún yín, ó fún yín ní àyè láti kúrò bí ọmọ ènìyàn.

Fún ẹni tó ní onílé tó ní owó kò bẹ̀rù òfin: ní 1986, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ bá ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó wí lórí bí wọ́n ṣe fipá lé Chukwuemeka Odumegwu Ojukwu jáde nínú ilé kan ní Queens Drive, Ìkòyí, nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà níwájú kọ́ọ̀tù. Ìjọba tó ní ìbọn nìyẹn o.

* * *

Ọ̀rọ̀ ti yà sọ́dọ̀ ajẹ́ntì àti owó ọdún méjì. Kí n sọ̀rọ̀ níwọ̀nba.

Onílé kò gbọ́dọ̀ béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ń san lọ́dọọdún, tàbí ju ti oṣù mẹ́fà lọ lọ́wọ́ ẹni tó ti ń gbé ilé, tó sì ń san lóṣooṣù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé náà, ọdún kan ni òpin. ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ni ìjìyà rẹ̀, ó sì mú ẹni tó san án bó ṣe mú ẹni tó gbà á. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń wá ilé kì í lágbára láti jiyàn, ìdí nìyẹn tó fi ń bí mi nínú pé òfin dè é mọ́ onílé.

Ní ti risíìtì, dandan ni. Ọjọ́ tí wọ́n gba owó, orúkọ onílé àti ti ayálégbé, ibi tí ilé wà, iye owó, àti àkókò tí owó náà wà fún, gbogbo rẹ̀ ló yẹ kó wà lórí rẹ̀. Onílé tí kò fúnni lè san ₦10,000. Bébà tí ajẹ́ntì ya nínú ìwé ọmọ rẹ̀, tó kọ "received" sí, kò tó.

* * *

Ẹni tó béèrè láti Lekki àti ẹni tó béèrè láti Ìkòyí bóyá òfin yìí kan àwọn, ìdáhùn yín yàtọ̀ síra. Òfin 2011 yọ Àpápá, Ìkẹjà GRA, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀, Lekki wà nínú rẹ̀. Ẹni tó wà níbi tí wọ́n yọ sílẹ̀ náà kò ṣeé lé láìsí kọ́ọ̀tù, ṣùgbọ́n àgírímẹ́ǹtì rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wò. Ní 2025, àbá òfin ayálégbé tuntun dé iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó. Àbá kọ́ ni ẹ máa gbé lọ bá adájọ́, ẹ rí i dájú pé òfin tó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yín ṣẹlẹ̀ lẹ mú dání.

Ẹni Ìbàdàn, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Ẹ má fi ti Èkó jà ní Ọ̀yọ́.

* * *

Ayálégbé Agége tún kọ̀wé: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti fi owó náà ránṣẹ́, wọn ò dá a padà. Láàárọ̀ yìí ni ajẹ́ntì mú àgírímẹ́ǹtì tuntun wá, ó ní bàbá ti dín in kù sí ₦650,000, ṣùgbọ́n kí n fọwọ́ sí i lónìí olónìí. Ṣé mo lè gbé àfikún náà lọ sí kọ́ọ̀tù?

* * *

Ẹ lè gbé e lọ. Abala 37 gba ayálégbé tó wà nínú ilé láàyè láti bẹ kọ́ọ̀tù pé kó wò ó bóyá àfikún owó ilé bọ́gbọ́n mu, àfi bí àgírímẹ́ǹtì yín bá sọ ohun tó yàtọ̀. Ohun tí adájọ́ máa wò ni iye tí wọ́n ń gba irú ilé bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò yín tàbí àdúgbò tó jọ ọ́, ohun tí àwọn ẹlẹ́rìí bá sọ, àti ohunkóhun tó bá ṣe ilé náà lọ́tọ̀. "Mi ò lówó rẹ̀" kò sí nínú rẹ̀, ó dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀. Iye tí àwọn tó wà ní òpópónà yín ń san lórí yàrá kan àti pálọ̀ lẹ máa fi jà, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ sí béèrè lónìí, kí ẹ sì wá ẹni tó máa gbà kí ẹ ya fọ́tò risíìtì òun.

Bí ẹ bá rí i pé ₦600,000 sí ₦650,000 ni wọ́n ń san káàkiri, èrò tèmi ni pé kí ẹ má lọ sí kọ́ọ̀tù lórí rẹ̀. Bàbá ti kúrò lórí ₦800,000, ó ti fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ bẹ̀ wọ́n pé ₦400,000 tó wà lọ́wọ́ wọn ni ìdá àkọ́kọ́, kí wọ́n fún yín ní oṣù mélòó kan lórí ₦250,000 tó kù. Ẹ wá àgbà kan tí bàbá máa gbọ́ràn sí lẹ́nu kó bá yín lọ. Bó bá sì jẹ́ ₦450,000 ni àwọn yòókù ń san, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn onílàjà ìjọba tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tó ronú lọ́yà. Ẹni tó bá nílò lọ́yà tí kò lówó, Office of the Public Defender ti Ìpínlẹ̀ Èkó wà.

Ní ti àgírímẹ́ǹtì tuntun, ẹ má fọwọ́ sí i lónìí. Ẹ ní ẹ fẹ́ kà á mọ́jú. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ iye àkókò nótíìsì sí: bí ẹ bá bá oṣù kan tàbí ọjọ́ méje níbẹ̀, oṣù mẹ́fà tí òfin ì bá fún yín ti lọ nìyẹn, torí ohun tí ẹ fọwọ́ sí ló máa ṣíwájú. Ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ ọ́ pé ẹ ò lè gbé àfikún lọ sí kọ́ọ̀tù. Ẹ wò ó bóyá ọdún kan géérégé tó ní òpin ni wọ́n sọ ọ́ dà. Gbogbo èyí ṣeé fi bírò fà, kí ẹ̀yin àti bàbá fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n sì kọ ₦400,000 tí wọ́n ti gbà sínú ìwé náà, pẹ̀lú ọjọ́ tó wọ àkáǹtì wọn, kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun.